Bàálù tí kò ní ìbọn, tí àwọn ọmọ ogun túúbá fún

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní nígbà ogun Gulf lọ́dún 1991, tí Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé Ìráàkì kúrò ní Kùwéétì, àwọn ọmọ ogun Ìráàkì kan túúbá fún dróònù. Ṣé ó yìnbọn lù wọ́n ni?

Ìdáhùn: Kò yìnbọn o, kò tiẹ̀ ní ìbọn tí ì bá yìn. Pioneer ni wọ́n ń pè é. Apá rẹ̀ méjèèjì, téèyàn bá wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, kò ju nǹkan bíi mítà 5 lọ. Kámẹ́rà lẹrù rẹ̀. Erékùṣù Failaka, létí Kùwéétì, lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Bó ṣe ń fò kọjá, àwọn ọmọ ogun yọ síta, wọ́n ń ju aṣọ funfun sí i, títí kan síńgílẹ́ẹ̀tì ọrùn wọn. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà lójú òkun, ó ń wò wọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n wá ń bẹ̀rù?

Ìdáhùn: Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ọkọ̀ ogun yẹn gbé àgbá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 16. Nínú ọta rẹ̀, kódà èyí tó fúyẹ́ wúwo ju kìlógíráàmù 800 lọ, ó sì lè rìn tó kìlómítà 38. Ẹni tó ń yìn ín kò lè fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọta balẹ̀ sí. Dróònù ló ń bá a wò ó. Ọta àkọ́kọ́ á balẹ̀, eruku á sọ, ẹni tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n á ní, "Ó kù díẹ̀ sápá ọ̀tún." Èkejì á sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, ẹ mọ ibi tí ẹ̀kẹta ń lọ.

Wọ́n sì ń gbọ́ ọ tó bá ń bọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń po epo ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹntiróòlù fún. Ẹni tó bá ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" rí mọ ariwo tí mò ń wí. Lójú tèmi, ariwo yẹn gan-an ni wọ́n túúbá fún.

Ìbéèrè: Wọn ò ṣe já a bọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n gbìyànjú. Ó kéré lójú ọ̀run, kò sì sí èèyàn nínú rẹ̀: tó bá já, òkú ò sùn.

Ìbéèrè: Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, Ísírẹ́lì ni. Lọ́dún 1982, wọ́n fi dróònù kéékèèké ṣe amí àwọn ohun ìjà Síríà ní àfonífojì Bekaa, ní Lẹ́bánónì. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà New Jersey ń yin àgbá sí Lẹ́bánónì kan náà, tí ọ̀pọ̀ ọta rẹ̀ ń tàsé. Ojú ló kù tí wọn ò ní, ni wọ́n bá lọ rà á lọ́wọ́ Ísírẹ́lì. Nígbà tó fi di 1986, Pioneer ti wà lórí Iowa, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mìíràn. Ibi tó ti ń balẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín: àwọ̀n ni wọ́n ń ta sílẹ̀ dè é, á kàn fò wọ inú rẹ̀ bí ẹyẹ tó kó sí páńpẹ́.

Ìbéèrè: Àwọn tó túúbá ńkọ́?

Ìdáhùn: Kámẹ́rà kì í de èèyàn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló padà wá kó wọn.