Ṣé ásímà lè da ọpọlọ ọmọ rú ni? Ẹ gba ìdáhùn

Ìròyìn kan ń lọ lórí WhatsApp àwọn òbí láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, pé àwọn dókítà ní ásímà ọmọdé àti ọ̀rọ̀ ọpọlọ jọ ń rìn. Kílẹ̀ tó ṣú ó ti di "ásímà ń sọ ọmọ di wèrè".

Ṣé òótọ́ ni?
Irọ́ ni.

Kí ni wọ́n wá sọ gan-an?
Pé àìbàlẹ̀ ọkàn àti ìsoríkọ́ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ní ásímà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn o.

Kí ló kan àyà kan ọpọlọ?
Ọmọ tí èémí ti há mọ́ láyà lóru rí, ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kì í tètè tán lára ẹ̀. Kì í sùn dáadáa, tó bá dé kíláàsì á máa tòògbé, wọ́n ní kó má gbá bọ́ọ̀lù, tó bá dọjọ́ Ojúde Ọba wọ́n tún ní kó jókòó sílé nítorí eruku ẹṣin àti èéfín ìbọn (ọmọ Ìjẹ̀bú mà nìyẹn o!), ṣé ò ní ronú ni? Ìrònú yẹn náà tún ń padà wá bá àyà, torí ìpayà àti ẹkún lè gbé ásímà dìde, ọmọ tọ́kàn ẹ̀ bá sì ti rẹ̀wẹ̀sì kì í rántí fín inhaler ẹ̀ (ike oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu) lárààárọ̀.

Oògùn ńkọ́?
Salbutamol, oògùn tí wọ́n ń fín kí èémí lè tètè já geere, lè jẹ́ kọ́wọ́ gbọ̀n kí àyà sì máa lù kìkì fúngbà díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe wèrè. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni montelukast, oògùn ásímà tí wọ́n ń gbé mì. Lọ́dún 2020 ni FDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára ẹ̀, pé ó lè fa àlá burúkú, ìbínú òdì, kódà èrò àtipara ẹni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lò ó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ìwà ọmọ yí padà, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, ẹ má kàn dá oògùn dúró fúnra yín.

Ṣé ásímà máa ń ran ẹlòmíì?
Rárá.

Ṣé ká gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì?
Ẹ gbàdúrà, ta ló ní kẹ́ ẹ má gbà á? Àmọ́ èéfín tùràrí ń ta àyà ọmọ bẹ́ẹ̀ o, bíi ti ààrò tí wọ́n fi ń yan gàrí.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́rù bà wá?
Tí kò bá lè sọ̀rọ̀ délẹ̀, tí ètè ẹ̀ ń dúdú, tí inhaler ò ràn án: ọsibítù ni, ẹ má jókòó máa sọ pé ìbẹ̀rù lásán ni. Tó bá sì ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fẹ́ ṣeré mọ́, tí kò jẹun, ẹ sọ fún dókítà tó ń wo àyà ẹ̀. Tó bá lóun fẹ́ kú, ẹ má dúró dọ̀la.

Ṣé kó máa gbá bọ́ọ̀lù?
Kó máa gbá a, tí oògùn bá ti kápá ásímà náà. Ẹ kàn sọ fún tíṣà, kí inhaler sì wà lápò ọmọ, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ilé ìwé tó ti kọ́kọ́rọ́ lọ sílé.