Iṣẹ́ ìyanu Lourdes àti VAR àwọn dókítà

Ìtàn Bernadette, ọmọbìnrin tí wọ́n ní Màríà Wúndíá fara hàn fún nígbà 18 ní Lourdes nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1858, ẹ jẹ́ ká fò ó, wọ́n ti sọ ìyẹn sọ ọ́ tó ti sú èèyàn. Ibi tọ́rọ̀ ti dùn ni ìgbà tí aláìsàn kan bá ti Lourdes dé tó ní ara òun ti yá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó bá ti ju ọ̀pá tó fi ń rìn dànù báyìí, fádà á lu aago, wọ́n á bú sórin, ó tán, Ìjọ Àgùdà ti rí iṣẹ́ ìyanu míì kà nìyẹn. Irọ́ ńlá. Nǹkan bíi 7,000 èèyàn ló ti wá sọ níbẹ̀ pé àwọn rí ìwòsàn, títí di 2025, 72 péré ni Ìjọ tíì fọwọ́ sí.

VAR, fídíò tí wọ́n fi ń tún góòlù yẹ̀ wò nínú bọ́ọ̀lù, ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Góòlù ti wọlé, pápá ti ń mì, àwọn kan ti bọ́ṣọ tí wọ́n ń jó, ni réfirí bá fọwọ́ sétí. Àwọn tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún ò wo bóyá góòlù yẹn dùn-ún wò o, ohun tí wọ́n á fi fagi lé e ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn dókítà Lourdes, tí ọ́fíìsì wọn ti wà láti 1883, dókítà tí kìí ṣe Kátólíìkì gan-an lè jókòó síbẹ̀ kó béèrè ọ̀rọ̀. Ṣé àìsàn tó le ni? Ṣé kìí ṣe èyí tó máa ń lọ fúnra ẹ̀? Ṣé oògùn kọ́ ló wò ó? Ṣé lójijì ló lọ, ṣé ó lọ tán, ṣé kò padà wá? Lambertini ló to àwọn ìbéèrè yìí kalẹ̀, kó tó di Póòpù Benedict XIV ní 1740.

VAR yìí ò sì mọ̀ọ́ kánjú rárá. Sister Bernadette Moriau (ẹlòmíì ni o, kìí ṣe Bernadette ti 1858) lọ sí Lourdes ní July 2008, ẹ̀yìn tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu fún bí 40 ọdún ò jẹ́ kó lè rìn dáadáa. Ó ti padà délé kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ o. Níbi tó ti ń gbàdúrà lara ẹ̀ bá gbóná, ó ní òun gbọ́ ohùn kan pé kóun bọ́ gbogbo nǹkan tóun fi ń gbéra ró. Ó bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ tó ti wọ́ ti nà, morphine, oògùn ìrora tó ń lò, ó fi sílẹ̀ pátá. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí di 2016, bíṣọ́ọ̀bù Beauvais, agbègbè tó ń gbé, sì wá kéde ẹ̀ ní 11 February 2018. Ta ló lè fijó góòlù kan dúró fọ́dún mẹ́wàá?

Kẹ́ ẹ sì wá gbọ́ o, àwọn dókítà yẹn ò sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni rárá. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ò lè ṣàlàyé ẹ̀. VAR kìí fúnni ní góòlù, réfirí ni, réfirí ọ̀hún kìí sì í ṣe Póòpù, kìí ṣe bíṣọ́ọ̀bù Lourdes, bíṣọ́ọ̀bù ibi tí ẹni náà ń gbé ni. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: wọn ò bi dókítà ní ohun tí kò kọ́ níléèwé.

Ìbéèrè Lambertini nípa oògùn yẹn ló kù díẹ̀ káàtó. Láyé Lambertini, oògùn tó ṣiṣẹ́ mélòó ló wà? Lónìí, alárùn jẹjẹrẹ wo ló máa dé Lourdes tí wọn ò tíì fún ní chemo? Tí ara ẹ̀ bá yá, ta ló máa ya ti oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára ti àdúrà? Góòlù ẹni bẹ́ẹ̀ lè dàwátì torí pé ọsibítù ṣiṣẹ́ wọn.

Lórí ọ̀rọ̀ ìfarahàn bíi ti Màríà ẹ̀wẹ̀, Róòmù ti gbé òfin tuntun jáde ní May 2024 pé kí bíṣọ́ọ̀bù má kàn máa kéde pé ọ̀run ló ti wá mọ́. Èyí tó dáa jù tí wọ́n lè sọ báyìí ni nihil obstat, ìyẹn pé kò sóhun tó dí i lọ́wọ́. Medjugorje, ìlú kan ní Bosnia tí wọ́n ní Màríà ti fara hàn, gba tiẹ̀ ní September ọdún yẹn. VAR ti wò ó, wọn ò rí ofsáìdì, ẹni tó bá fẹ́ jó kó máa jó, Kátólíìkì tó bá sì jókòó jẹ́jẹ́ ò dẹ́ṣẹ̀.