Ọ̀nà jíjìn tí “ọ́dà” gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Ọlọ́pàá tó dá mọ́tò dúró lójú pópó á ní ọ́dà láti òkè ni. Ní búkà, wọ́n á ní kí o fara balẹ̀, ọ́dà ẹni tó ṣáájú rẹ ni wọ́n ń bù lọ́wọ́. Níbi ìpàdé àdúgbò, bí ariwo bá ti pọ̀ jù, alága á lu tábìlì: “Ọ́dà! Ọ́dà!” Tí o bá sì lọ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ọn lójú: out of order. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti yá a, Gẹ̀ẹ́sì náà yá a lọ́dọ̀ Faransé, Faransé sì jogún rẹ̀ lára Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Àṣẹ ló kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn tí a bá gbọ́ ọ lónìí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà láyé kí wọ́n tó máa fi pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ìlà ni ordo ní Látìnì: ìlà igi tí a gbìn, ìlà ìjókòó, ìlà ọmọ ogun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ gbà pé ó bá ordiri tan, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ahunṣọ. Kí a ta òwú sórí òfì láti dá aṣọ sílẹ̀ ni ordiri. Ẹni tó bá ti dúró ti aláṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn rí mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n á na òwú sílẹ̀ gbọọrọ, ìdí rẹ̀ á wà lọ́ọ̀ọ́kán lábẹ́ òkúta tó ń fà á le, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á sì jókòó sí àyè tirẹ̀ kí ọ̀kọ̀ tó kọjá láàárín wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ni ordiri ti wá ń jẹ́ “bẹ̀rẹ̀” lásán. Àwọn agbẹjọ́rò Róòmù pàápàá, exordium, ìyẹn òwú tí a ta sórí òfì, ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ wọn nílé ẹjọ́.

Nígbà tó yá, ènìyàn ni wọ́n wá ń tò sí ìlà. Àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ ní ordo tiwọn, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin ní tiwọn, owó sì lo fi ń wọ inú rẹ̀: ẹni tí dúkìá rẹ̀ kò bá tó 400,000 sesterces, owó àwọn ará Róòmù, kò lè jẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ní ọdún 67 ṣáájú ìbí Kristi, olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Lucius Roscius Otho gbé òfin jáde pé ìlà mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ nílé eré, lẹ́yìn ibi tí àwọn ìgbìmọ̀ ń jókòó, ti àwọn ẹlẹ́ṣin ni. Nínú Látìnì, ordo ni ẹgbẹ́ náà, ordines sì ni ìlà ìjókòó náà. Ojú ẹsẹ̀ lo máa mọ ẹni tó rí jájẹ láti ibi tó fìdí lé. Inú mẹ̀kúnnù kò dùn sí i rárá. Lọ́dún 63, bí Otho ṣe wọlé síbi eré báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé lé e lórí, àwọn ẹlẹ́ṣin ń pàtẹ́wọ́ fún un, ni àwọn méjèèjì bá dojú èébú kọ ara wọn. Cicero tó ń ṣàkóso ìlú lọ́dún náà ló kó àwọn ará ìlú jáde lọ sí tẹ́ńpìlì Bellona, ó bá wọn wí dáadáa, ni wọ́n bá padà lọ pàtẹ́wọ́ fún Otho. Ẹnu ọkùnrin yẹn mà dùn o!

Àwọn Kristẹni gba ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe bá a. Tertullian, ará Carthage, ìlú tó wà ní Tùnísíà òde òní, ti ń fi ordo pe àwọn àlùfáà ní nǹkan bí ọdún 200, kí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ará ìjọ lásán. Ibẹ̀ ni ordain ti wá, ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún fífi ènìyàn joyè àlùfáà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n to àwọn áńgẹ́lì náà sí ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án, àwọn Séráfù lókè pátápátá, àwọn Kérúbù tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1925, ọ̀wọ́ méjèèjì yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀rọ̀ ará Róòmù yẹn náà sì wà nínú orúkọ ìjọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì: The Eternal Sacred Order of Cherubim and Seraphim.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i ni Ancrene Wisse, ìwé ìlànà tí wọ́n kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá fún àwọn obìnrin mẹ́ta, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí wọ́n sé ara wọn mọ́lé fún àdúrà. Àwọn ènìyàn ń dà wọ́n láàmú pé ọ́dà wo, ìyẹn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn wo, ni wọ́n wà, ti aláṣọ funfun ni àbí ti aláṣọ dúdú. Òǹkọ̀wé náà ní kí wọ́n dáhùn pé ọ́dà Jákọ́bù Mímọ́ làwọn wà, ẹni tó kọ ọ́ pé ẹ̀sìn tó mọ́ ni kí a máa bẹ opó àti ọmọ òrukàn wò. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn gan-an, torí Jákọ́bù kò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀.

Ó tó ọ̀rúndún kẹrìndínlógún kí order tó fìdí múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá lágbára láti sọ pé “ìwọ, dúró síbí”, kò ní pẹ́ tí á fi máa rán ọ níṣẹ́. Àwọn oníṣòwò náà wá ń kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n kó ọjà báyìí báyìí wá. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta postal order lọ́dún 1881. Àwọn àgbà wa tó fi san owó ìdánwò kò ní gbàgbé pósítà ọ́dà. Ìwé yẹn ń pàṣẹ fún ilé ìfìwéránṣẹ́ ibi tó ń lọ pé kí wọ́n ka iye tó wà lórí rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ti oyè náà kò kú: ọba Edward Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Order of the Garter, ẹgbẹ́ àwọn olóyè, sílẹ̀ lọ́dún 1348, òfin oyè Nàìjíríà ti ọdún 1964 sì fún wa ní Order of the Niger, tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ lẹ MON àti OON mọ́ orúkọ wọn.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọ́dínárì. Nínú òfin ìjọ Kátólíìkì, bíṣọ́ọ̀bù tó ń ṣàkóso agbègbè rẹ̀ ni Ordinary. Lẹ́nu tiwa ńkọ́? “Ọ́dínárì omi, wọn ò fi lọ̀ mí!” Bíṣọ́ọ̀bù àti omi lásán, orúkọ kan náà.

Lọ́dún 1955, ilé iṣẹ́ IBM ti ilẹ̀ Faransé ń wá orúkọ fún ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n kọ̀wé sí Jacques Perret, ọ̀jọ̀gbọ́n Látìnì ní Sorbonne, yunifásítì tó wà ní Paris. Ó ní kí wọ́n pè é ní ordinateur, ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tipẹ́, tí wọ́n ń lò fún Ọlọ́run tó ń to ayé. Ọ̀ràn Ọlọ́run yìí kọ ọ́ lóminú díẹ̀, torí ó fi kún un pé ordinatrice, tí í ṣe abo ọ̀rọ̀ náà, lè mú ẹ̀rọ náà jìnnà sí ti àwọn àlùfáà. Akọ ni IBM mú. Ọmọ Yorùbá tó kàwé ní Kétu tàbí Pọbẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ordinateur ló ń pe ohun tí àwa ń pè ní kọ̀ǹpútà.