Bí Èsì Mammogram Bá Dé Orí Fóònù Yín Kí Dókítà Tó Pè

Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin ọdún 2021, òfin kò gbà kí ilé ìwòsàn dá èsì àyẹ̀wò dúró mọ́ aláìsàn lọ́wọ́ láìnídìí. Ìdí nìyẹn tí èsì mammogram, ìyẹn àwòrán ọyàn tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, fi lè wọ orí MyChart, ibi tí aláìsàn ti ń rí èsì rẹ̀ lórí fóònù, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí dókítà yín tó fojú kàn án. Mo fara mọ́ òfin náà: ara yín ni wọ́n yà, ẹ̀yin lẹ ni èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí bí àwọn ìyá wa kì í ṣe rí oorun sùn nírú òru bẹ́ẹ̀ nítorí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò là yé wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ "Impression" sí. Ibẹ̀ ni dókítà tó ka àwòrán ti sọ ibi tí èrò rẹ̀ parí sí. "Findings" gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì kọ ọ́ fún. Gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí ló tò síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo BI-RADS, ìyẹn ìlànà tí àwọn dókítà fi ń fi nọ́ńbà sọ ohun tí àwòrán ọyàn fi hàn, àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. 1 àti 2, ọkàn yín balẹ̀. 4 àti 5, wọ́n fẹ́ mú ẹran ara díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ẹ má fi falẹ̀ rárá. 0 ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Kò sọ pé jẹjẹrẹ wà, kò sì sọ pé kò sí: àwòrán tó wà nílẹ̀ ni kò tíì tó. Wọ́n lè fẹ́ ya òmíràn, tàbí kí wọ́n máa wá ti àtijọ́ tí wọn yóò fi wé e.

Èyí kan àwa tí a ti Nàìjíríà wá gidigidi. Ẹni tó ya mammogram n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó kó tó rìnrìn àjò, àwòrán rẹ̀ kò sí lórí kọ̀ǹpútà tibí. Ohun kékeré tó ti wà lọ́yàn rẹ̀ tipẹ́, tí kò yí padà, lè dà bí tuntun lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ ní kí wọ́n kó àwòrán náà sórí CD fún yín kí ẹ tó gbéra. Ìwé èsì nìkan kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé, ẹ rán ará ilé lọ gbà á.

Tí wọ́n bá kọ 0, ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí wọn kò pè, ẹ̀yin ni kí ẹ pè wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bá màmá ka èsì, ẹ má máa lo pásíwọ́ọ̀dù wọn. Ẹ jẹ́ kí màmá fúnra wọn ní kí ilé ìwòsàn ṣí ọ̀nà fún yín lórúkọ tiyín. Wọ́n ń ṣe é.