Wágọ́ọ̀nù èédú kékeré: ẹ wo ti gidi kí ẹ tó kùn ún

Nígbà tí ìjọba Ìlú Ọba gba rélùwéè sọ́wọ́ ní January 1, 1948, irú wágọ́ọ̀nù kan ló wá gbòde níbi kíkó èédú: onírin, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó ń gba tọ́ọ̀nù 16. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní 200,000. Òun náà ló yẹ kí ẹni tó ń to rélùwéè kékeré fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìwọ̀n OO, ìyẹn ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń ṣe rélùwéè kékeré, mílímítà 4 ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ti gidi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16½, torí náà tiyín gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 66, láìka bọ́fà mọ́ ọn, ìyẹn irin tó yọ síta lórí méjèèjì láti gba ìkọlù.

Ìlà funfun tó dágẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Orí kan wágọ́ọ̀nù náà ní ilẹ̀kùn, torí pé ní èbúté, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e dagun kí èédú lè dà jáde. Ọ̀nà ibi tí ìlà náà gbà gòkè ni ilẹ̀kùn wà. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ sódì ti sọ fún òṣìṣẹ́ èbúté pé kó da èédú gba ibi tí kò sí ilẹ̀kùn.

Dúdú kọ́ ni inú wágọ́ọ̀nù tó ṣófo. Èédú tútù ń jẹ irin, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ègé èédú ń ha ọ̀dà kúrò. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ ìpẹtà, kí ẹ wá fi ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lẹ irin tuntun mọ́ ọn.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ìwúwo. Wágọ́ọ̀nù oníke tó fúyẹ́ máa ń yẹ̀ lójú irin níbi tí ọ̀nà ti pínyà. Gíráàmù 25 fún ọ̀pá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dára, ìyẹn 50 lápapọ̀. Ẹ lẹ nọ́ọ̀tì onírin mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ gé fóòmù lé e, kí ẹ wá da èédú sórí. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ òjé: àwọn méjèèjì á bára wọn jà, òjé á wú díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá yá á ti ẹ̀gbẹ́ wágọ́ọ̀nù síta títí yóò fi là.

Èédú gidi ni kí ẹ lò, torí dídán rẹ̀ kò ṣeé fi ọ̀dà ṣe. Ẹ wé e sínú aṣọ, kí ẹ fi òòlù fọ́ ọ, kí ẹ sì fi asẹ́ yọ èyí tó bá ju mílímítà 2 lọ. Ẹ po gọ́ọ̀mù funfun àti omi ní ọgbọọgba, kí ẹ kán ọṣẹ olómi kan sí i. Láìsí ọṣẹ, gọ́ọ̀mù á dúró lórí èédú bí ìrì, kò ní wọlé.

Ẹ wọn àlàfo àárín ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì: mílímítà 14.5. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, wágọ́ọ̀nù á máa gun irin. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí gíláàsì. Bó bá ń mì, ẹsẹ̀ kan kò kanlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wágọ́ọ̀nù tó ń kó èédú Enugu lọ sí Port Harcourt láti 1916 kò gbọdọ̀ lo ìwọ̀n OO. Ojú irin Nàìjíríà àtijọ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6. Ìwọ̀n 1:64, níbi tí ti gidi ti jẹ́ ìlọ́po 64 ti kékeré, ló bá a mu, orí irin onímílímítà 16.5 tí OO ń lò náà ni yóò sì ti rìn.