Bí ìgbẹ́kẹ̀lé ṣe ń gbé iṣẹ́ aró ró ní Òṣogbo

Ìlú aró ni à ń pe Òṣogbo, iṣẹ́ aró sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí ó fi hàn kedere pé owó nìkan kò tó láti so àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀. Nínú aró ìbílẹ̀, ojú lásán kò lè mọ ọjà tí ó dára. Ewé èlú tí a gún, tí a ṣù, tí a sì sá sóòrùn kò fi agbára rẹ̀ han ẹni tí ó ń rà á. Omi eérú tí a sẹ́ láti inú ìkòkò onihò pàápàá kò sọ bí òun ti le tó, títí a ó fi da àwọn méjèèjì pọ̀, tí a ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tí aṣọ bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí atẹ́gùn sì fẹ́ sí i tí ó ń dúdú bọ̀, ni aláró tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹni tí ó ta èlú sọ. Nígbà náà, owó ti lọ, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ sì ti lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí aláró tí ó mọṣẹ́ kì í fi í sáré tẹ̀lé ẹni tí ọjà rẹ̀ pọ́ọ́kú jù. Ọwọ́ oníbàárà rẹ̀, ẹni tí ó ti ń tà fún un tẹ́lẹ̀, ni ó ti ń rà á, ó sì lè rà á láwìn, kí ó san owó nígbà tí aṣọ bá tà. Àwọn kan rò pé àánú lásán ni àwìn, ṣùgbọ́n ó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí èlú kò bá dára, aṣọ kò ní tà, owó ẹni tí ó tà á kò sì ní tètè wọlé. Àwìn ti sọ wọ́n di alájọpín àbájáde iṣẹ́ kan náà.

Èésú ni ọ̀pọ̀ fi ń kó owó òwò jọ. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà, ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ ní àkókò tirẹ̀, láìsí èlé. Ewu rẹ̀ hàn: ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o lè má dá mọ́. Nítorí náà, ó wọ́pọ̀ pé kí olórí èésú béèrè onídùúró lọ́wọ́ àlejò, kí ó sì fi í sí ìparí títí wọn yóò fi mọ ìwà rẹ̀. Àjọ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí alájọ máa ń yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ rere ni òun náà fi ń gbé owó olówó kiri.

Ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń jinlẹ̀ jù ni ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ń bá ọ̀gá lọ sọ́jà, ó ń gba ẹrù bọ̀ lórúkọ rẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá gba òmìnira, orúkọ ọ̀gá ni ó kọ́kọ́ fi ń rí àwìn gbà. Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kọ́ àdìrẹ àti iṣẹ́ aró níbẹ̀ láìsanwó.

Bí ẹnì kan bá da àdéhùn, onídùúró ni a kọ́kọ́ ń pè, kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ìyà tí ó sì máa ń dun oníṣẹ́ ọwọ́ jù ni pé kò sí ẹni tí yóò tún tà fún un láwìn. Ètò yìí ní àléébù tí kò yẹ kí a bò mọ́lẹ̀: ó lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò tí kò lẹ́nìkan, àwọn àgbà sì lè gbèjà ọmọ wọn tí ó jẹ̀bi. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń fún àlejò ní àwìn kékeré láti fi dán an wò ń ṣe ohun tí ó tọ́.

Aró òyìnbó ti dín iyèméjì kù báyìí, nítorí wákàtí díẹ̀ ni a fi ń rí àbájáde iṣẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ẹbí bá ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ kan, ẹni tí ó pa á láró ni oníbàárà yóò gbé e padà wá bá, òun náà yóò sì tún un pa láìgba kọ́bọ̀.