Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹ̀dọ̀ àti ibà pọ́njú ọmọ tuntun

Ibà pọ́njú ọmọ tuntun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí jọ́ńdíìsì, ni kí ojú àti awọ ìkókó pọ́n bí ìyeyè ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó tó láti kó èròjà tó ń jẹ́ bilirubin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ju ìdajì àwọn ọmọ tí oṣù wọn pé lọ tó ń ní in, àwọn tí oṣù wọn kò pé sì tún ń ní in jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ibà pọ́njú kan náà ni à ń pe àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ranni, bẹ́ẹ̀ ara ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í sábà gbóná rárá.

Ara ẹ̀jẹ̀ pupa tó gbó tó sì fọ́ ni bilirubin ti ń jáde. Kì í yòrò nínú omi, nítorí náà ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so ó mọ́ èròjà kan tó wá láti ara ṣúgà, kí ó tó lè bá òróòro lọ sínú ìfun, kí ó sì bá ìgbẹ́ jáde. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ibi ọmọ àti ẹ̀dọ̀ ìyá ló ń bá a ṣe iṣẹ́ yìí. Gbàrà tí wọ́n bá ti gé ìwọ́, ọrùn ẹ̀dọ̀ kékeré náà ni gbogbo rẹ̀ já lé, lásìkò tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ sì ń fọ́ kíákíá ju ti àgbà lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí bilirubin bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ, kí ó di ọmọ náà létí, tàbí kí ó ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ títí ayé.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ìmọ́lẹ̀ búlúù, pàápàá èyí tí ìgùn ìgbì rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 460 sí 490 nanometre, máa ń wọ awọ ara, á sì yí ìrísí bilirubin padà. Èyí tó yí padà yìí lè bá òróòro àti ìtọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ so ó mọ́ ohunkóhun. Oòrùn kò wo ẹ̀dọ̀ sàn. Ó ń bá a ru lára ẹrù rẹ̀ títí yóò fi gbó.

Ìtàn rẹ̀

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ní ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jean Ward a máa gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde sínú oòrùn, nítorí ó gbà pé atẹ́gùn ìta dára fún wọn. Lọ́jọ́ kan ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà: ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibi igun mẹ́ta kan tí aṣọ bò, tó ṣì pọ́n síbẹ̀. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ìgò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n gbàgbé sójú fèrèsé tí oòrùn ń pa jáde pẹ̀lú bilirubin tó kéré gan-an sí èyí tí wọ́n retí. Dókítà Richard Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà ṣe ẹ̀rọ alámọ̀lẹ̀ búlúù, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1958.

Oòrùn ní Nàìjíríà

Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ iná mànàmáná, iná yìí kan náà ni kì í dúró. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ìyá ń gbọ́ ni pé kí wọ́n máa gbé ọmọ sínú oòrùn àárọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọmọdé kò fara mọ́ ọn: ìtànṣán ultraviolet lè jó ọmọ lára, ooru lè mú un tàbí kí òtútù mú un ní ìhòòhò, ìṣẹ́jú díẹ̀ lóòjọ́ kò sì tó nǹkan. Èyí tó burú jù ni ọjọ́ tó ń lọ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Ohun tí àwọn dókítà ọmọdé Tina Slusher, Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ni pé wọ́n sẹ́ oòrùn bí ẹni sẹ́ ògì. Wọ́n ta ike tín-ínrín sórí àtíbàbà. Ike náà ń dá ultraviolet àti púpọ̀ nínú ìtànṣán tó ń mú ooru wá dúró, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Wọ́n dán an wò lára ọmọ 447 ní ilé ìwòsàn Island Maternity, ní Èkó. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: oòrùn sísẹ́ ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ìtọ́jú tí wọ́n lè yẹ̀ wò, ẹ̀rọ oníná ṣiṣẹ́ ní 90. Ara àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ àtíbàbà máa ń gbóná díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó nílò pàṣípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ jáde díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti fi wé ẹ̀rọ tó lágbára jù.

Àwọn ọmọ kan wà tí ewu tiwọn pọ̀ jù: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá ti ìyá mu, àti àwọn tí èròjà G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa kí ó má baà fọ́, kò tó lára wọn, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin ní Nàìjíríà. Kánfọ̀ tí à ń fi sáàárín aṣọ ọmọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú wọn fọ́ yányán. Lára ọmọ dúdú, ẹyinjú àti èrìgì ni pípọ́n náà ti ń hàn ju awọ lọ. Èyí tó bá yọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi sílé wò.

Ibi tí agbára ìmọ́lẹ̀ mọ

Bí ìgbẹ́ ọmọ bá funfun bí ẹ̀fun tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà òróòro ló dí. Oòrùn kò ní ṣí i. Iṣẹ́ abẹ tí Morio Kasai ti Japan dá sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ó sì dára jù kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oòrùn kò ṣe nǹkan kan fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí àrùn mẹ́dọ̀wú. Ní ti àwọn tí a bí pẹ̀lú àìsàn Crigler-Najjar, tí ẹ̀dọ̀ wọn kò lè so bilirubin mọ́ nǹkan láéláé, abẹ́ iná búlúù ni wọ́n ń sùn ní alaalẹ́. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà tí awọ wọn ń nípọn, ìmọ́lẹ̀ náà kì í wọlé tó mọ́, pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ sì ni ìtọ́jú tó ń kù.